Ta Ló Sọ Pé Owó Ìjọba Ni Mo Fi Ra Géètì?

Rárá o, Fachtna, mi ò jókòó! Má wulẹ̀ fa àga sí mi, àga kò ṣẹ̀ mí, ìwọ lo ṣẹ̀ mí. Máa jẹ pòtétò rẹ lọ, kó má lọ tutù nítorí tèmi, mi ò wá bá ẹnikẹ́ni jẹun, ọ̀rọ̀ ni mo gbé wá, ó sì kún mi lẹ́nu dé etí! Ìwọ Fachtna ọmọ Packie! Ìwọ tí bàbá mi gbé sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ gba ara Olúwa, tí òjò ń rọ̀, tó bọ́ kóòtù ọrùn ara rẹ̀ fi bò ọ́, ìwọ náà lo gbé tẹlifóònù láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, o pe rédíò, o sọ fún gbogbo ayé pé obìnrin kan wà lójú ọ̀nà yín tó ń fi ará Ukraine ṣòwò!

Obìnrin kan! Jésù, Màríà àti Jósẹ́fù! Obìnrin mélòó ló wà lójú ọ̀nà yìí? Èmi nìyí, ìyá Malachy nìyẹn, tó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́ débi pé kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru mọ́, ẹnì kẹta wa sì ni ère Màríà tó wà ní oríta. Èwo nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lo rò pé àwọn èèyàn máa fura sí?

Má mi orí sí mi! O yí ohùn padà, mo gbà fún ọ. Imú lo fi ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀fìnkìn mú, o ní kí wọ́n máa pè ọ́ ní "olùgbọ́ kan láti Leitrim". Ọlọ́gbọ́n! Ajá ta ló wá ń gbó lẹ́yìn rẹ? Ajá wo ní gbogbo ilẹ̀ Ireland ló máa ń gbó lẹ́ẹ̀mejì, tí á wá sín, bí kì í bá ṣe Captain tìrẹ yìí? Obìnrin ilé ìfìwéránṣẹ́ ní o kò tíì parí gbólóhùn kìíní tí gbogbo àwọn tó tò sórí ìlà lọ́dọ̀ òun ti pariwo pé, "Captain rèé o!" Ajá rẹ ló tú àṣírí rẹ, Fachtna. Wò ó bó ṣe ń gbójú sá fún mi lábẹ́ tábìlì. Ajá yẹn ní ìtìjú. Ẹni tó ni ín ni kò ní in.

Tíì? Rárá, mi ò mu tíì.

"Mi ò ní ohunkóhun sí àwọn ará Ukraine o." Bẹ́ẹ̀ lo ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti fi "mi ò ní ohunkóhun sí wọn" ṣí ẹnu, kí ẹni tó ń gbọ́ tètè wá ibi sá sí ni, torí ẹrù ń bọ̀ lẹ́yìn. "Mi ò ní ohunkóhun sí wọn, ṣùgbọ́n owó tí ìjọba ń san fún àwọn tó gbà wọ́n sílé ti sọ àánú di ọjà. Opó kan wà lójú ọ̀nà wa, géètì tuntun ló rà yẹn." Géètì tuntun! O wá sọ pé àwọ̀ ewé ni wọ́n kùn ún! Kí ló kù kí o sọ? Kí ló dé tí o kò kúkú ní kí wọ́n fi orúkọ ìbatisí mi kọrin?

Wò mí lójú. Mo ní kí o wò mí lójú, fi ṣíbí yẹn sílẹ̀. Ta ló fọ́ géètì àtijọ́? Akọ màlúù pupa wo ló gbúròó abo màlúù mi lọ́jọ́ Àìkú, tí kò lè fara balẹ̀ bí ọmọlúwàbí, tó gba àárín géètì bàbá mi kọjá bí ẹni tó gba àárín ìwé ìròyìn? Akọ màlúù ta ni? O wá bá mi lọ́jọ́ kejì, o ṣí fìlà, o ní o máa ra òmíràn dípò rẹ̀. Mo ní, "Rárá, má yọ ara rẹ lẹ́nu." Ìwọ náà kò sì yọ ara rẹ lẹ́nu! O mọ̀ pé ó yẹ kí o tún un sọ. O mọ̀, ìyá rẹ kọ́ ọ dáadáa, obìnrin gidi ni, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kíá lo dé fìlà rẹ padà, o ń súfèé lọ, mo gbọ́ ọ! Ọmọ màlúù méjì ni mo tà kí n tó ra géètì yẹn. Ìjọba kò mọ̀ pé mo ní géètì rárá.

Ó dáa, o fẹ́ mọ ibi tí owó ìjọba wọlé sí? Má ṣẹ́jú, o fẹ́ mọ̀, gbogbo yín lẹ fẹ́ mọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dákẹ́ tí mo bá wọ ṣọ́ọ̀bù. Epo ló jẹ ẹ́. Epo tí a fi ń mú ilé móoru. Ìwọ náà mọ ilé mi, afẹ́fẹ́ tó bá ti ojú fèrèsé wọlé, ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló ń gbà jáde, kì í dúró kí ẹnikẹ́ni. Èmi àti Donal ọkọ mi, kóòtù la máa ń wọ̀ jẹun alẹ́ títí tí Ọlọ́run fi pè é, a sì rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń gbé nìyẹn. Ìgbà tí Halyna, ọmọ Ukraine tí mo gbà sílé, dé ńkọ́, pẹ̀lú àpò kan péré àti ìkòkò òdòdó kan tó gbé mọ́ra bí ọmọ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri ilé ìdáná, ó wò mí lójú pẹ̀lú àánú, ó ní, "Mìsíìsì Nuala, ta ló kú?" Ta ló kú! Ó rò pé òkú la tẹ́ sí yàrá kejì ni ilé fi tutù tó bẹ́ẹ̀! Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú òtútù?

Kò sí ẹni tí mo lé jáde kí n tó gbà á. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Yàrá Declan ọmọ mi ló wà. Declan ti lọ sí Australia, ó ti fẹ́ ìyàwó síbẹ̀, ó ti ra ọkọ̀ ojú omi síbẹ̀, ṣé ẹni tó ra ọkọ̀ ojú omi ló ń padà bọ̀ wá sí Kilnavar? Yàrá yẹn kàn wà bẹ́ẹ̀ ni, pẹ̀lú ife ẹ̀yẹ tó gbà nídìí bọ́ọ̀lù nígbà tó wà lọ́mọdé, mo máa ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, màá nu eruku, màá tún tì í.

Mo mọ̀. Mo mọ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ àbúrò rẹ. Mo gbà, Fachtna, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Gráinne àti ọmọ rẹ̀ ń wá ilé, onílé rẹ̀ ní òun fẹ́ tún ilé ṣe, kò tún nǹkan kan ṣe, ó kó àwọn ẹlòmíràn síbẹ̀ torí owó ìjọba dára ju owó Gráinne lọ. Ìwà ìkà ni. Tó bá jẹ́ ìyẹn lo sọ lórí rédíò, èmi fúnra mi ni ǹ bá pàtẹ́wọ́ fún ọ níbi tí mo ti ń fọ abọ́. Lọ bá onílé yẹn! O mọ orúkọ rẹ̀, o mọ ilé rẹ̀, ẹ jọ máa ń mutí. Kí ló dé tí o kò sọ àwọ̀ géètì tirẹ̀? Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà ọ́! Èmi ni ẹ̀rù mi kò bà ọ́, opó tó ń gbé nítòsí, tí kò lè ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Ó dáa, wò mí bí mo ṣe dúró síwájú rẹ yìí. Ṣé kò bà ọ́ báyìí?

Ṣé o mọ ibi tí Halyna wà nígbà tí o ń sọ̀rọ̀? Ilé ìdáná mi ni. Ìyẹ̀fun ló ń pò. Rédíò wà lórí firíìjì, ibi tó máa ń wà, Captain gbó, mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ajá Fachtna nìyẹn!" Èmi ni mo sọ ọ́, èmi aṣiwèrè! Ó wá yíjú sí i, ó ń gbọ́ ọ. Ó gbọ́ èdè wa ju bí ẹ ṣe rò lọ. Nígbà tí o dé ibi tí o ti ní, "Ẹ sọ fún ìjọba kí wọ́n dá owó yẹn dúró lọ́la, ẹ ó rí i bí àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ṣe máa lé àlejò wọn síta," ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ìyẹ̀fun. Lẹ́yìn náà ló tún ń pò ó lọ, ó ń pò ó, ó ń pò ó, ó pò ó kọjá bó ṣe yẹ. Búrẹ́dì yẹn le bí pátákó. Àwa méjèèjì jẹ ẹ́, kò sí ẹni tó sọ pé ó le.

Ó ń lọ lónìí, Fachtna. Bọ́ọ̀sì ọ̀sán yìí. Ó ti rí yàrá kan ní Longford, lókè ibi tí wọ́n ti ń din ẹja, kò ní fèrèsé tó ṣeé ṣí. Àpò rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀. Ó ti fọ sálúbàtà ilé rẹ̀, ó gbé e sórí ẹ̀rọ ìmóoru kó gbẹ, nígbà tí mo rí i níbẹ̀ ni mo wọ kóòtù mi, mo ní mò ń lọ wo màlúù. Mi ò lọ wo màlúù kankan. Ibí ni mo wá.

Mi ò fẹ́ tíì, mo ti sọ!

Kí n wí fún un? Ó rọrùn lẹ́nu rẹ! Ó dáa, jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí o lè mọ irú igi tí o fi iná sí. Ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú kí o tó lọ fọnnu lórí rédíò, Halyna wá bá mi nídìí ìfọbọ́. Ó ti gbọ́ pé ìjọba fẹ́ gé owó yẹn kù, pé bó pẹ́ bó yá wọ́n máa dá a dúró. Ó dúró ṣánṣán bí ọmọ ilé ìwé, ó ní, "Mìsíìsì Nuala, tí owó yẹn bá tán, ẹ jẹ́ kí n máa bá yín gbé. Mo ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú arúgbó, màá máa san owó ilé fúnra mi." Ọ̀rọ̀ tó dára tó bẹ́ẹ̀! Inú mi dùn débi pé ife fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Kí ni mo wá sọ? Mo ní, "Rárá o, rárá, má tiẹ̀ dá ara rẹ láàmú."

Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí, Fachtna? Ìwọ wí. Nínú ilé èyíkéyìí láti ibí títí dé etí òkun, kí ni ìyẹn túmọ̀ sí? "Tún bi mí" ni! Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sí Leitrim mọ̀ pé "tún bi mí" ni! Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ ni lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tí ebi ń pa? Donal bi mí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kí n tó gbà láti fẹ́ ẹ, nígbà tó kù díẹ̀ kó bi mí lẹ́ẹ̀kẹta, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jò, ó yà lọ dí i, ẹ̀mí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́! Ṣùgbọ́n ó padà wá. Ó mọ ohun tó kù fún un láti ṣe.

Mo dúró. Mo ń nu ife kan náà, mò ń nù ún, mò ń dúró de ẹ̀ẹ̀kejì. Halyna ní, "Ó yé mi." Ó yé e! Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Kéréènì ni Halyna ń wà, ẹ̀rọ gíga tó ń gbé ẹrù, o mọ̀? Níbi tó ti wá. Ní èbúté Mykolaiv, ó ń gbé ẹrù tó tóbi ju ilé rẹ yìí lọ láti inú ọkọ̀ ojú omi. Ó sọ fún mi nígbà kan pé lókè yẹn, bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ bá ti ní rárá, ọwọ́ dúró nìyẹn, kò sí rárá ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá ń retí rárá ẹlẹ́ẹ̀kejì ti pa èèyàn. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, mo sì ní, "Ìyẹn dára," mo ń bá ìgbálẹ̀ mi lọ, mi ò fi ṣe ẹ̀kọ́! Èmi tí ó yẹ kí n ti mọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ dé, ó se ọbẹ̀ pupa wọn tó ń ta sánsán yẹn, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n bu díẹ̀ fún yín." Mo ní, "Rárá, mo ti yó." Ó gbé ìkòkò kúrò! Ó gbé e kúrò níwájú mi, Fachtna, ó dé e lómorí, ó fọ ṣíbí! Bisikíìtì ni mo jẹ sùn.

Nítorí náà, nígbà tí ìwọ bọ́ sórí rédíò tí o ní, "Ẹ dá owó dúró, ẹ ó rí i bí wọ́n ṣe máa lé wọn," kí lo rò pé ó gbọ́? Ó gbọ́ rárá mi, ó sì gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ lẹ́nu rẹ! Èmi fún un ní ilẹ̀kùn, ìwọ fún un ní kọ́kọ́rọ́!

Mo ti gbìyànjú. Àárọ̀ yìí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo fẹ́ sọ pé kó dúró. Ohun tó ti ẹnu mi jáde ni, "Òjò máa rọ̀ o." Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Mo tún ṣí ẹnu, mo ní, "Bọ́ọ̀sì yẹn máa ń pẹ́." Ó ní òun máa tètè lọ. Mi ò sọ "dúró" fún ẹnikẹ́ni rí láyé mi! Nígbà tí Declan ń lọ, ní pápákọ̀ òfuurufú, tí gbogbo ọkàn mi ń pariwo, ṣé o mọ ohun tí mo sọ fún un? Mo ní, "Ṣé o mú ìbọ̀sẹ̀ tó pọ̀?"

Ó dáa. Ó dáa, tí omi bá ti hó tẹ́lẹ̀, bu díẹ̀ fún mi. Má jẹ́ kó kún. Kí n kàn fi mú ọwọ́ móoru.

Kí lò ń sọ sínú ife yẹn? Sọ ọ́ síta. Kì í ṣe rédíò o wà báyìí, kò sí ẹni tó ń gbọ́ ọ bí kò ṣe èmi. Ọjọ́bọ̀? Kí ló ṣe Ọjọ́bọ̀? Mo máa ń wá lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni, fún eré káàdì, látìgbà tí Donal ti kú, kí ló kan... Dúró ná.

Dúró ná, Fachtna. Ṣé torí pé mi ò wá fún eré káàdì mọ́ látìgbà tí Halyna ti dé ni?

Ha! Ẹ gbà mí! Ọkùnrin yìí pe ìjọba lẹ́jọ́, ó pe àwọn mínísítà lólè, ó pe àánú ní ọjà, ó fi géètì mi hàn fún gbogbo agbègbè, torí pé kò rí ẹni bá a ṣeré káàdì lálẹ́ Ọjọ́bọ̀! Kí ló dé tí o kò wá kanlẹ̀kùn mi? O wá lẹ́ẹ̀kan? Kí ni mo wí? Mo ní rárá, ọwọ́ mi dí? O wá gbà, o lọ? Ìwọ! Ìwọ tí ìyá rẹ kọ́! Ṣé o kò lè bi mí lẹ́ẹ̀kejì ni? Jésù, ó ti ran gbogbo wa! Má rẹ́rìn-ín. Mo ní má rẹ́rìn-ín, inú ṣì ń bí mi, mi ò tíì parí. Wọ bàtà rẹ. Wọ̀ ọ́! O máa bá mi lọ sílé nísinsìnyí, o máa dúró síwájú ọmọ yẹn, o máa...

Ta nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà?

Halyna.

O wá dágbére fún Fachtna? Fún ẹni yìí? Lẹ́yìn ohun tó... Wọlé, ọmọ mi, gbé àpò rẹ yẹn wọlé, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ọ. Fachtna ní ọ̀rọ̀ kan tó fẹ́ sọ fún ọ. Sọ ọ́. Sọ ọ́ sókè, má sọ ọ́ sínú irùngbọ̀n. Àti ti géètì. Àti ti akọ màlúù. Ó dáa, ó tó, kì í ṣe gbogbo ìtàn màlúù náà, bọ́ọ̀sì ń bọ̀.

Halyna, èmi náà... Mo fẹ́ sọ pé... ojú ọ̀run ti ń ṣú... Rárá! Kì í ṣe ojú ọ̀run. Fachtna, má wò mí, yíjú sí ògiri. Halyna, dúró. Mo ní kí o dúró. Owó ìjọba dé, kò dé, mi ò bìkítà, yàrá yẹn ti di tìrẹ, má lọ máa gbé lókè ẹja dídín. Dúró tì mí.

Kí ló wí? Fachtna, kí ló wí?

"Rárá, ẹ má dá ara yín láàmú."

Ó ti tán. Ó ti tán nìyẹn. Obìnrin kéréènì ni, rárá rẹ̀, rárá ni. Mo ti pẹ́ jù. Ó dáa, ọmọ mi, jẹ́ kí n bá ọ gbé àpò... Kí ló dé tí o kò jẹ́ kí n gbé àpò? Kí ló dé tí o dúró sójú kan? Kí ló dé tí o ń wò mí bí ẹni tó ń retí nǹkan? Fachtna, wò ó! Ṣé rárá tiwa nìyẹn, àbí rárá ti kéréènì? Mi ò mọ̀ ọ́n mọ́! Ta ló ń kọ́ ọmọ yìí ní rárá tiwa nílé ìtọ́jú yẹn? Gbogbo arúgbó Leitrim ló wà níbẹ̀!

Halyna, mo tún bẹ̀ ọ́. Dúró.

Ó tún ní rárá! Ó ní òun kò fẹ́ yọ mí lẹ́nu! Ẹ̀rín wo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ yẹn? Fachtna, di orí àga mú, ó ti di méjì. Jẹ́ kí n mí. Bọ́ọ̀sì nìyẹn tó ń fun fèrè ní oríta, kó máa fun ún, kó fun ún títí tí fèrè á fi bẹ́! Halyna ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé o. Mo fi Ọlọ́run àti gbogbo ẹni mímọ́ bẹ̀ ọ́, dúró.

Ha! Ha-ha! "Ó dáa, tí kò bá ní ni yín lára." Fachtna, ṣé o gbọ́ ọ? Tí kò bá ní ni mí lára! Ẹ gbà mí o, wọ́n ti ba ọmọ yìí jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ó ti di ọ̀kan nínú wa!